Ìwé Àṣẹ àti Ohun Ìdáná: Òpó Méjì tí Ìpèsè Iná Mànàmáná Dúró Lé ní Nàìjíríà

1.0 Ìfáàrà

Nígbàkúùgbà tí iná mànàmáná bá lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé iṣẹ́ IBEDC tí ń pín iná ni àwọn aránṣọ, àwọn tí ń lọ ata àti àwọn tí ń ta ẹja yìnyín sábà máa ń dá lẹ́bi. Ẹ̀bi náà lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ yìí nígbà mìíràn, nítorí pé wáyà lè já, tíráńsífọ́mà sì lè jó. Ṣùgbọ́n IBEDC kì í pèsè iná. Èyí tí ó bá rí gbà láti orí okùn iná àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ń pín. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni òpó méjì tí ìpèsè iná dúró lé: ohun ìdáná tí ẹ̀rọ ń lò, àti ìwé àṣẹ tí ó fún un ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìṣòro gáàsì yàtọ̀ sí ti núkílíà. Ní ti gáàsì, rírí ohun ìdáná gbà ni ó nira jù. Ní ti núkílíà, ìwé àṣẹ ni.

2.0 Gáàsì: Ohun Ìdáná Àtòòjọ́-dé-òòjọ́

Ọ̀kan pàtàkì lára àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fi gáàsì pèsè iná ni ti Ẹ̀gbin, lẹ́bàá Ìkòròdú, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní 1985 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè pèsè 220 mẹ́gáwáàtì, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,320. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ Ọlọ́runṣògo wà ní Pápáláńtò.

Ọ̀pá gígùn tí ó ti Escravos ní Ìpínlẹ̀ Delta wá sí Èkó ni gáàsì ń gbà dé àwọn ibi wọ̀nyí. Ẹni tí ń fi igi dáná lè to igi jọ sí ẹ̀yìnkùlé de ìgbà òjò. Ẹ̀gbin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gáàsì ṣe ń dé ni ó ń jó o. Bí ọ̀pá bá bàjẹ́ ní òwúrọ̀, ìlú tí ó jìnnà lè wà nínú òkùnkùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìṣẹ̀lẹ̀ 2016 fi èyí hàn. Ní oṣù Kejì ọdún náà, àwọn agbébọn fọ́ ọ̀pá epo rọ̀bì Forcados tí ó wà lábẹ́ omi. Ọ̀pá epo ni wọ́n fọ́, síbẹ̀ iná dínkù káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìdí ni pé láti inú kànga kan náà ni epo àti gáàsì ti ń jáde pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Nígbà tí epo kò rí ọ̀nà lọ, wọ́n ti àwọn kànga náà pa, gáàsì inú wọn sì dúró.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò iye gáàsì, náírà sì ni àwọn oníbàárà fi ń san owó iná. Bí gbèsè bá ti ń ga, ọwọ́ àwọn tí ń ta gáàsì a máa wọ́lẹ̀.

3.0 Núkílíà: Ẹrù Kékeré, Ìṣọ́ Ńlá

Yùréníọ̀mù ni ohun ìdáná ilé iṣẹ́ núkílíà. Nígbà tí átọ́mù rẹ̀ bá là sí méjì, ooru ńlá a jáde. Ooru yìí ni yóò sọ omi di oruku gbígbóná tí ń yí ẹ̀rọ. Hóró kan ṣoṣo tí kò ju gíráàmù méje lọ lè mú ooru tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tọ́ọ̀nù èédú kan wá. Ní Koeberg, ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó ti ń pèsè iná láti 1984, ó máa ń tó nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀ kí wọ́n tó dá ẹ̀rọ dúró láti pààrọ̀ ohun ìdáná. Nítorí náà, ọ̀pá tí ó fọ́ kò lè dẹ́rù bà á.

Ṣùgbọ́n yùréníọ̀mù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà bí ẹni ra kẹrosíìnì. Orílẹ̀-èdè díẹ̀ ni ó mọ bí a ti ń ṣètò rẹ̀ fún lílò, àjọ àgbáyé IAEA sì ń ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ di ohun ìjà. Èyí tí wọ́n bá lò tán ṣì léwu fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

4.0 Ta ni Yóò Fọwọ́ sí Ìwé Àṣẹ?

Àjọ méjì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dá mọ̀ yàtọ̀. NAEC, tí òfin 1976 dá sílẹ̀ tí ó sì jí sí iṣẹ́ ní 2006, ni ó ń wá ọ̀nà láti mú agbára núkílíà wọ Nàìjíríà. NNRA, tí òfin 1995 gbé kalẹ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, títí kan ti ẹ̀rọ X-ray ilé ìwòsàn. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò fún ara rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ òun dára. Iṣẹ́ VIO ni. Bákan náà, ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ núkílíà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i.

Ìwé àṣẹ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Wọn yóò kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni ti kíkọ́, ti ìdánwò ẹ̀rọ, ti lílò, àti ti títú ilé iṣẹ́ náà palẹ̀ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Ní Koeberg, nígbà tí ogójì ọdún ẹ̀rọ kìíní pé ní 2024, àjọ alákòóso ibẹ̀ ní láti tún un yẹ̀ wò kí ó tó fi ogún ọdún kún un.

Nàìjíríà ti dárúkọ Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom. Ní 2015, àwọn amòye IAEA wá yẹ ìmúrasílẹ̀ wa wò. Ní 2017, ìjọba bá ilé iṣẹ́ Rosatom ti Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ìwé àdéhùn yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ, kò sì tíì sí ilé iṣẹ́ kankan tí ń fi núkílíà pèsè iná níbẹ̀. Èyí tí ó wà ni ẹ̀rọ kékeré NIRR-1 ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Ìwádìí ni wọ́n ń fi í ṣe, kì í pèsè iná. Ní 2018, wọ́n pààrọ̀ ohun ìdáná rẹ̀ sí èyí tí kò ṣeé fi ṣe ohun ìjà, wọ́n sì dá ti àtijọ́ padà sí Ṣáínà.

Ìbẹ̀rù àwọn ará ìlú kò ṣaláìnídìí. Ní 1988, àwọn àjèjì kó pàǹtí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, láìjẹ́ pé ará ìlú mọ ohun tí ó wà nínú àgbá wọn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìwé àṣẹ tí a fi ìkánjú tàbí owó ẹ̀yìn gbà kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Olùkọ́ lè fi ìbéèrè mẹ́ta kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ilé iṣẹ́ iná èyíkéyìí. Kí ni ó ń jó, ibo ni ó sì ti ń wá? Ta ni ó fún un ní àṣẹ, ǹjẹ́ onítọ̀hún sì lè sọ pé rárá? Ta ni yóò ṣọ́ èérí rẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó kọ́ ọ bá ti kú? Ìbéèrè kìíní ni Ẹ̀gbin àti Ọlọ́runṣògo ń bi Nàìjíríà lójoojúmọ́. Méjì yòókù ni Geregu àti Itu yóò bi í. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè ni a ti ń wò ó.