Kíkọ́ Ọmọ-ajá ní Ibi Tí Yóò Máa Yàgbẹ́ Sí

Ẹ̀yin àgbẹ̀, kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ajá tí a kò bá kọ́ ní ibi kan pàtó tí yóò máa yàgbẹ́ sí yóò sọ gbogbo ilé di ààtàn. Ní Bomo, nítòsí Samaru ní agbègbè Zaria, bí ó ti rí ní abúlé púpọ̀, inú àgbàlá ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń sá ata àti ọkà-bàbà. Ìlera ilé gbogbo ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ-ajá ni ó ti gba aràn lára ìyá rẹ̀ kí a tó bí i. Ẹyin aràn náà ń bá ìgbẹ́ jáde, ojú lásán kò sì lè rí i. Kì í lè ran ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ó ń gbà á tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 nínú ilẹ̀ kí ó tó gbó. Lẹ́yìn èyí, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ọmọdé bá fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin sí ẹnu, aràn náà lè dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ojú rẹ̀. Irú aràn mìíràn a máa gba awọ ẹsẹ̀ wọlé. Nítorí náà, bí ìgbẹ́ bá ń bọ́ sí ojú kan, tí a sì ń kó o lójoojúmọ́, ewu náà yóò dín kù púpọ̀.

Ètò ojoojúmọ́

Ẹ yan ibi kan tí ó jìnnà sí kànga, ilé ìdáná, ebè ẹ̀fọ́ àti ibi tí ẹ ń sá nǹkan sí. Lẹ́yìn náà:

1. Bí ọmọ-ajá bá ti jí ní òwúrọ̀, ẹ gbé e lọ síbẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun.
2. Ẹ máa fún un ní oúnjẹ ní àkókò kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí ó bá jẹun tán, ẹ tún mú un lọ.
3. Ẹ mú un lọ bí ó bá sùn jí, bí ó bá ṣeré tán, àti kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá.
4. Ọmọ-ajá olóṣù 2 lè mú ìtọ̀ mọ́ra fún nǹkan bíi wákàtí 2 péré. Nítorí náà ẹ jí i lẹ́ẹ̀kan lóru.
5. Bí ó bá ṣe é níbi tí ó yẹ, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀, ẹ sì fún un ní èérún oúnjẹ.

Ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì fi imú rẹ̀ ra ìgbẹ́. Ìfarapamọ́ ni yóò fi kọ́. Bí ó bá ṣe é sínú ilé, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ dáadáa, nítorí òórùn ni yóò tún pè é padà.

Ìtọ́jú ìgbẹ́ àti oògùn

Ẹ máa kó ìgbẹ́ náà lójoojúmọ́, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, kí ẹ sì fọ ọwọ́. Ẹ má ṣe dà á mọ́ ìgbẹ́ màlúù tí ẹ ó fi ṣe ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ 2 ni a ti í fún ọmọ-ajá ní oògùn aràn, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ 8, kí a sì fún ìyá rẹ̀ náà. Ní oṣù 3, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bomo lè lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria.

Bí gbogbo ará ilé bá tẹ̀lé ètò kan náà, ọ̀pọ̀ ọmọ-ajá ni yóò ti mọ ibi tirẹ̀ kí ó tó pé oṣù 6.