Ta Ló Ni Eégbọn: Ìgbẹ́ Tàbí Màlúù?

"Ìgbẹ́ ló ni eégbọn, màlúù kàn ń gbé e rìn ni." Bàbá ọdẹ kan tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní Benson, Ìkòròdú, níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gba Ìtòkín kọjá. Ajá kan ló sùn sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ alápatà, eégbọn sì ti wú sí i létí. Alápatà náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti dàgbà, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè Ọya ni eégbọn ti wá, ara màlúù ló bá dé ọ̀dọ̀ wa. Kí màlúù tó pọ̀ níbí, ta ló ń rí eégbọn?"

Bàbá ọdẹ bi í bóyá kò gbọ́ òwe rí, pé eégbọn so mọ́ ayínrín nímú, adìẹ ń wá ọ̀nà àtiṣà á jẹ, kò mọ̀ pé oúnjẹ ayínrín lòun alára. Ó ní ayínrín lòwe wí, kò wí màlúù. Ó ní òun ti já eégbọn lára ìgalà, lára ẹtu, lára òkété. Ó tún ní òun ti já a lára ahun, lára awọ́nríwọ́n àti lára erè: ìgbà wo ni erè bá màlúù jẹko? Alápatà ní eégbọn erè yàtọ̀, pé ti màlúù tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, ó sì láwọ̀ oríṣiríṣi. Àwọn tó dúró níbẹ̀ ti pín sí méjì. Ọkọ̀ dé, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Àwọn méjèèjì ló jàre, Ìbàdàn sì ni ẹ̀rí wà. Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Kánò ní 1912, láti ìgbà náà ni màlúù ti ń ti Òkè Ọya wọ ìsàlẹ̀ wá lọ́pọ̀ yanturu. Ìtòsí ibùdókọ̀ reluwé Ìbàdàn ni àdúgbò Dùgbẹ̀ wà. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Rockefeller Foundation, tí Ottis Causey àti ìyàwó rẹ̀ Calista wà lára wọn, já eégbọn lára màlúù títà. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí fáírọ́ọ̀sì kan tí ayé kò mọ̀ rí. Orúkọ àdúgbò náà, Dugbe, ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ náà sì wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri ayé títí di òní. Eégbọn aláwọ̀ tí alápatà ń wí yìí gan-an ni wọ́n bá a lára.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí fáírọ́ọ̀sì Dugbe lára òkété. Òkété kì í wọ reluwé. Wọ́n tún rí i lára ènìyàn tí ibà ń ṣe. Wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì Congo pẹ̀lú, èyí tó le púpọ̀ tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ènìyàn, lára ẹran ọ̀sìn, lára eégbọn, àti lára ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tó máa ń ká ara kò bí ó bá rí ewu.

Bí eégbọn ṣe ń jẹun ló fà á tí fáírọ́ọ̀sì kan náà fi ń wà lára màlúù àti lára ẹran ìgbẹ́. Eégbọn aláwọ̀ kì í jẹ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láyé rẹ̀. Bó bá yọ nínú ẹyin, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, ojú sì lè fò ó dá. Ara eku tàbí àparò ló lè so mọ́. Bó bá yó, yóò já bọ́ sínú koríko, yóò bọ́ awọ, yóò di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, yóò tún wá ẹlòmíràn mu. Ìgbà kẹta ló sábà máa ń kan màlúù. Abo á wá já bọ́, á yé ẹyin tó lè tó 20,000, á sì kú. Ohun tó bá mu nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran àkọ́kọ́ lè wà nínú rẹ̀ títí yóò fi dé ara ẹran kejì. Ènìyàn tó bá gba inú koríko náà kọjá, ẹran ni eégbọn kà á sí.

Lékèélékèé náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí a ti fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ní nǹkan bí 1830, wọ́n kó màlúù láti Senegal lọ sí erékùṣù Guadeloupe, eégbọn aláwọ̀ sì bá wọn lọ. Ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí lékèélékèé tẹ̀dó sí àwọn erékùṣù yẹn ní ọ̀rúndún tó kọjá, eégbọn rí ìyẹ́: ọmọ eégbọn so mọ́ ẹyẹ, ó sì ń bá a kọjá òkun láti erékùṣù kan sí òmíràn.

Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìkan ni eégbọn ń gbé. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Theobald Smith, pẹ̀lú alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ Kilborne, ló ti fi hàn ní 1893 pé eégbọn ló ń gbé kòkòrò Babesia tó ń pa màlúù. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni kòkòrò náà ń gbé. Ní 1957 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára ènìyàn, àgbẹ̀ kan ní Yugoslavia, ó sì kú. Nínú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kòkòrò yìí jọ kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé gan-an. Níbi tí gbogbo ara gbígbóná ti ń di ibà ẹ̀fọn, tí kẹ́míìsì sì ń ta oògùn láìsí àyẹ̀wò, ta ni yóò ronú kan eégbọn?

Bàbá ọdẹ sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé láyé àtijọ́, inú ìgbẹ́ lọ́hùn-ún lọdẹ ti ń wì ẹran kó tó gbé e wálé, tí iná á sì jẹ eégbọn mọ́ irun. Nísinsìnyí, tòun tirun ni wọ́n ń gbé e dúró létí títì fún ọlọ́kọ̀, tí wọ́n sì ń tò ó sílẹ̀ ní ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́. Ẹran tó bá kú, ara rẹ̀ á tutù, eégbọn á sì já kúrò láti wá ara gbígbóná. Ọwọ́ ẹni tó ń bó ẹran náà ló sún mọ́ ọn jù. Àwọn kan sì ń fi èékánná fọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ á ta sí wọn lọ́wọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré di ẹnu rẹ̀ mú níbi tó ti kan awọ, kí ẹ fà á jáde gbọọrọ, kí ẹ sì fọ ọwọ́.

Bàbá ọdẹ tún ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń gé igbó ní apá Agbówà láti fi kọ́ ẹ̀sítéètì, òkété ti di ará ilé. Mo gbà á gbọ́. Ajá tó ń bá ọdẹ rìn tẹ́lẹ̀ ti ń sùn lórí táìsì, eégbọn ajá sì lè wọ inú ihò ògiri, kó gbé ibẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹni tí ibà rẹ̀ kò bá gbọ́ oògùn ní Ìkòròdú tàbí l'Ẹ̀pẹ́, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì bi í bóyá eégbọn ti bù ú jẹ, bóyá ó ń bó ẹran ìgbẹ́, àti bóyá ajá ń bá wọn sùn nínú ilé.