Àwòrán Ilẹ̀ Nínú Ìwé Ìròyìn: Ọ̀ràn Òkè-Afá

Ní ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002, ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Iye tí a sábà ń kà ni pé òkú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Bí ayàwòrán ìwé ìròyìn bá fa òbìrìkìtì yí bárékè náà ká, tí ó sì fi àwọ̀ pupa kun àárín rẹ̀, òǹkàwé yóò gbà pé ibẹ̀ ni ikú ti pọ̀ jù. Àṣìgbà ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kú, àwọn ọmọdé pàápàá, rì sínú odò kánáàlì ní Òkè-Afá, tí ó jìnnà sí iná náà. Òru ni wọ́n ń sá. Ewéko sì bo ojú omi, wọ́n ṣebí ilẹ̀ ni.

Òbìrìkìtì ń wọn agbára ìbúgbàù. Kò wọn ìbẹ̀rù. Ọfà tí ń tọ́ ipa ẹsẹ̀ àwọn tí ń sá ni ìbá fi òtítọ́ hàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1854, oníṣègùn John Snow sàmì òkú onígbáméjì sí ilé tí olúkúlùkù ń gbé, ó sì fi hàn pé wọ́n pọ̀ jù ní àyíká ẹ̀rọ omi tí ó tan àrùn náà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún Òkè-Afá, àmì yóò fọ́n káàkiri àdúgbò, odò náà yóò sì wà lófìfo.