Mo ti kó ìkànnì, kí ló dé tí kò ṣí?

Nígbà tí mo kó ìkànnì yìí lọ sórí sáfà tuntun, ó ń ṣí fún mi ní Adéwọlé níbí, àmọ́ àwọn òǹkàwé kan ní kò ṣí rárá. Ẹ̀bi mi ni: mo ti yára pa sáfà àtijọ́.

DNS ló ń sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà IP. TTL ló ń sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fi nọ́ńbà náà sọ́rí. Tèmi jẹ́ 86400, ìyẹn wákàtí 24 gbáko! Bí ẹni tó kó láti Adéwọlé lọ sí Táńkẹ̀ ni: àlejò tí kò tíì gbọ́ á ṣì lọ kan ilẹ̀kùn ilé àtijọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kó, ẹ kọ́kọ́ dín TTL kù sí 300. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó yí nọ́ńbà inú A record padà. Ẹ má sì tíì pa sáfà àtijọ́ o!