Tó Bá Jẹ́ Èmi Ni

Nídìí ọpọ́n ayò, àwọn òǹwòran ló máa ń mọ̀ ọ́n ta jù. Àwọn méjì jókòó, wọ́n ń ta, àwọn mẹ́fà dúró lé wọn lórí, wọ́n ń pariwo: "Ilé kejì ni kó o ti kó o!" "Òpè ni ẹ́, o ò mọ ayò!" Ẹnikẹ́ni kì í bínú sí wọn, torí ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí wà lára ayò láti ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpọ́n ayò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ ẹlẹ́nu. Bí ẹnì kan bá ti jẹ, ẹni tó pàdánù á dìde, á wo aláriwo lójú, á ní: "Ó yá, wá jókòó." Kò ní pẹ́ tí gbogbo ojú á fi rí i bóyá ó mọ̀ ọ́n ta lóòótọ́ tàbí ẹnu lásán ló ní.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kò ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Mushin, ní Bódìjà, ní Ṣakí, ní Peckham pàápàá lóhùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù, gbólóhùn kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wa lọ́jọ́ Sátidé: "Tó bá jẹ́ èmi ni." Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gbá a sókè. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gba káàdì pupa tí ò nídìí yẹn. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fi ẹgbẹ́ mi sílẹ̀ nítorí owó. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lè yọjú láti inú amóhùnmáwòrán kó ní, "Ó yá, wọ jẹ́sì." Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa ń gbilẹ̀ láìsí ẹni tó ń dán an wò. Mo fẹ́ ká jókòó wàyí. Ká wo ohun tí iṣẹ́ yẹn ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Ibi pẹnáritì ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí kò sẹ́ni tí kò gbà pé òun lè gbá a. A ti gbá a ní kékeré, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́, láàárín òkúta méjì, tí ọmọ ará ilé kejì ń ṣọ́lé. Mítà 11 péré ló wà láàárín bọ́ọ̀lù àti ìlà àwọ̀n. Àwọ̀n náà fẹ̀ ní mítà 7.32, ó ga ní mítà 2.44, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ń wò ó látorí bẹ́ǹṣì kò ní mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe lè ṣì í.

Lálẹ́ ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2021, ní pápá Wembley, ọmọ ọdún 19 kan kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń rìn lọ síbi tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí. Bukayo Saka ni, ọmọ tí àwọn òbí Yorùbá bí sí Ealing ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì ti gbá ọ̀mì 1–1 nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Yúróòpù. Marcus Rashford ti gbá tirẹ̀ mọ́ òpó. Aṣọ́lé Ítálì, Gianluigi Donnarumma, ti mú ti Jadon Sancho. Bí Saka bá pàdánù, ó parí nìyẹn. Kò tíì gbá pẹnáritì kankan rí nínú eré àwọn àgbà. Gareth Southgate tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló fi í sípò karùn-ún, ọmọ náà kò sì kọ̀. Ó gbá a, Donnarumma fò, ó sì fọwọ́ ta á dànù.

Ìrìn yẹn gan-an ni kí ẹ fi ara yín sí, kì í ṣe bọ́ọ̀lù gbígbá. Èèyàn tó lé ní 60,000 ló wà nínú pápá, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a rìn ín. Geir Jordet, ọ̀mọ̀wé ọmọ Norway tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ pẹnáritì wò, rí i pé àwọn tó ń sáré gbá a gbàrà tí rẹfirí bá fọn fèrè ló ń pàdánù jù. Wọ́n fẹ́ kó tètè tán. Ara ló ń sá kúrò níbẹ̀ kí ọgbọ́n tó dé. Kò sí iye owó tí wọ́n lè san fún èèyàn lọ́sẹ̀ tó lè lé ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lọ pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọ̀hún ni a kọ́kọ́ máa ń pè: "Gbogbo owó tó ń gbà yẹn, kò lè gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n!"

Ládùúgbò wa, bí o bá gbá pẹnáritì sókè, wọn á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí oúnjẹ alẹ́, ó tán. Ọ̀rọ̀ Saka kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n bú òun, Rashford àti Sancho nítorí àwọ̀ ara wọn, àwọn ọlọ́pàá sì mú àwọn kan nítorí rẹ̀. Saka kọ̀wé síta lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pé lójú ẹsẹ̀ ni òun ti mọ irú ìkórìíra tó ń bọ̀ wá bá òun. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ọmọ náà ti mọ èébú tí wọn yóò bú u kó tó kúrò lórí pápá.

Aṣọ́lé náà ní tirẹ̀. A máa ń sọ pé ó yẹ kó dúró sójú kan, kó wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà kó tó fò. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbá a, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni bọ́ọ̀lù fi ń dé àwọ̀n, nítorí náà kò sí àyè fún wíwò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Ní 2007, Michael Bar-Eli àti àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì tẹ ìwádìí kan jáde lórí pẹnáritì 286. Nínú 100, bí 29 ni wọ́n gbá sí àárín, bẹ́ẹ̀ àwọn aṣọ́lé kò dúró sí àárín ju bí 6 lọ. Àlàyé tí wọ́n ṣe dùn mọ́ mi gidigidi. Aṣọ́lé tó fò tí kò mú un, ó ti gbìyànjú lójú gbogbo ayé. Èyí tó dúró gbagidi tí bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ọ̀lẹ la máa pè é. Àwa tó ń wòran wà lára ohun tó ń gbé e fò.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìbínú, torí ibẹ̀ ni Yorùbá ti máa ń dá ara rẹ̀ lójú jù pé òun ní ìwà. Emmanuel Ṣèyí Adebayor, tí wọ́n bí ní Lomé sínú ìdílé Yorùbá, fi Arsenal sílẹ̀ lọ sí Manchester City ní 2009. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó gbá góòlù sáwọ̀n Arsenal, ó sì sáré la pápá já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó lọ fi orúnkún yọ̀ wọ́ níwájú àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Inú bí wọn, wọ́n ń ju nǹkan lù ú. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn pọ́n-ùn 25,000 lé e. Gbogbo wa la dá a lẹ́bi nígbà náà: kò mọ oore, kò ní sùúrù, tó bá jẹ́ èmi ni, ń ṣe ni mo máa gbé ọwọ́ sókè, kí n tọrọ àforíjì.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni Adebayor sọ pé orin ni àwọn èèyàn náà ń kọ lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n fi ń bú ìyá àti bàbá òun. Mo ṣì gbà pé ohun tó ṣe léwu, torí ó lè dá ìjà ńlá sílẹ̀ láàárín èrò. Ṣùgbọ́n kí ẹ bi ara yín léèrè: ní ọjà Ọjẹ́ tàbí ní gáréèjì Ìwó Road, ta ni wọ́n ń kọ orin bú ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín? Iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ń sọ fún ọ pé kí o gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú 90, kí o má fèsì, kí o má tilẹ̀ sáré sún mọ́ wọn. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí mo mọ̀ tí wọ́n ti ń ní kí èèyàn fara da èébú òbí lójúmọmọ gẹ́gẹ́ bí ara ojúṣe rẹ̀.

Lórí òtítọ́, mi ò ní pẹ́. A máa ń ní bí rẹfirí bá fún wa ní pẹnáritì tí kò tọ́, a óò sọ fún un. Ẹnì kan ti ṣe é. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1997, ní Highbury, Robbie Fowler ti Liverpool ṣubú níwájú David Seaman, aṣọ́lé Arsenal. Rẹfirí fún un ní pẹnáritì, ṣùgbọ́n Fowler ń juwọ́ sí i pé aṣọ́lé náà kò fọwọ́ kan òun. Rẹfirí kò yí i padà. Fowler náà ló tún gbá a. Seaman ta á dànù, Jason McAteer sì gbá a wọlé. Fowler sọ pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, torí iṣẹ́ òun ni láti gbá góòlù. Olóòótọ́ ni, òṣìṣẹ́ sì ni. Kò rí èyí tó lè bọ́ sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Ibi tó jìnnà sí wa jù lọ kò sí lórí pápá. Nínú ilé ìwòran tiwa, ọ̀pọ̀ ló ń wo eré pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ nínú àpò. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2014, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù níbikíbi láyé. Ivan Toney rú òfin náà lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n lé nígba, wọ́n sì fòfin dè é fún oṣù 8 ní 2023. Èyí yé èèyàn. Ọ̀ràn Kieran Trippier ni mo fẹ́ kí ẹ rò. Ní 2019, nígbà tó fẹ́ kúrò ní Tottenham lọ sí Atlético Madrid, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n sì fi ta tẹ́tẹ́. Wọ́n lé e kúrò lórí pápá fún ọ̀sẹ̀ 10, ó sì san pọ́n-ùn 70,000. Èwo nínú wa ni ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ máa béèrè lórí fóònù pé, "Bọ̀bọ́, ṣé òótọ́ ni pé o ń lọ?" tí yóò dákẹ́? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fi irú ìròyìn ayọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún ará ilé ni wọ́n ń pè ní ọ̀dájú.

Ẹ tún wo ohun tí agbábọ́ọ̀lù ń fi sẹ́nu. Ẹni tó ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí láàárọ̀, tó ń ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ alátẹ, ó gbọ́dọ̀ jáwọ́ níbẹ̀. Ohunkóhun tí àyẹ̀wò bá bá nínú ìtọ̀ rẹ̀, òun ló ni ín, ìbáà jẹ́ ìyá rẹ̀ ló gbé e fún un. Ní 2011, Kolo Touré ti Manchester City lo oògùn tí ìyàwó rẹ̀ fi ń dín ọ̀rá kù. Kò mọ̀ pé èròjà tí a kà léèwọ̀ wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi dá a dúró.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ "mi ò ní fi ẹgbẹ́ mi sílẹ̀ láé." A ní ẹni tó ṣe é. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ti Ìbàdàn láti 1970 títí di 1984, kò lọ síbòmíràn, òun ló sì gbá góòlù méjì nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Àlùjíríà ní Èkó ní 1980 láti gba ife Áfíríkà. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ní Yúróòpù òde òní, ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni lílọ àti dídúró wà. Ẹni tó fẹ́ dúró, wọ́n lè sọ fún un pé àyè kò sí mọ́. Ẹni tó fẹ́ lọ kò lè fi ìwé lé ọ̀gá lọ́wọ́ kó jáde bí òṣìṣẹ́ báńkì. Peter Odemwingie wa fojú rí i lọ́jọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2013, ọjọ́ tí káràkátà agbábọ́ọ̀lù ń parí. Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ sí pápá QPR ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀, West Brom, kò tíì gbà. Wọn kò jẹ́ kó wọlé. Gbogbo ayé ló fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ojú mi kò rí ẹlẹ́yà níbẹ̀. Ọkùnrin tó rò pé ọ̀rọ̀ ara òun wà lọ́wọ́ òun ni mo rí.

Nínú gbogbo "tó bá jẹ́ èmi ni" wa, ohun kan ṣoṣo la kì í dárúkọ: ohun tí a óò ṣe lẹ́yìn tí a bá ti ṣì í gbá. A máa ń rò pé a kò ní ṣì í ni. Àṣìṣe sì ni oúnjẹ òòjọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó sọ wọ́n di ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ náà: wọ́n tún máa ń jáde. Lọ́jọ́ 6 oṣù keje ọdún 2024, ní Düsseldorf, Saka gbá góòlù tó mú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Switzerland dọ́gba. Nígbà tó di pẹnáritì, ó tún rìn lọ síbẹ̀, ó sì gbá a wọlé. Toney tí wọ́n ti fòfin dè gbá tirẹ̀ láìwo bọ́ọ̀lù rárá, aṣọ́lé ló ń wò. Wọ́n borí 5–3.

Yakubu Ayegbeni náà wà lára àwọn tó tún jáde. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ti dàgbà tó ní 2010 ló rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Durban, lọ́jọ́ 23 oṣù kẹfà, nígbà tí àwọ̀n South Korea ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀, tí kò jìnnà sí i rárá, tó sì gbá bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ òpó. Títí dòní, wọ́n ṣì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ìpàdánù. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìgbà náà, rẹfirí fún wa ní pẹnáritì. Ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ lérí nítorí rẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù, ló gbé e kalẹ̀, ló sì gbá a sáwọ̀n. Eré náà parí sí 2–2, Nàìjíríà sì padà sílé. Góòlù 21 ni Yakubu gbá fún Nàìjíríà. Nígbà tí ẹ bá tún ń sọ̀rọ̀ Durban, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ka pẹnáritì yẹn mọ́ ọn.