Epo Wo Ni Ó Yẹ Ẹ̀rọ Ìdarí Ọkọ̀ Wa Tí Ó Ti Dàgbà?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan ní Kétu, a gbọ́ igbe ọkọ̀ wa kí a tó mọ ohun tí ń ṣe é. Toyota Carina E ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí ojú wa ti mọ̀ dáadáa láti Àjàṣẹ́ títí dé Ṣábẹ̀ẹ́: ọkọ̀ tí ó ti sìn nílẹ̀ òyìnbó kí ó tó gba èbúté Kútọnu wọlé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn lọ́dọ̀ wa. Bí a bá yí volant sí òsì, a hu bí ajá tí a tẹ̀ nírù. Bí a bá yí i sí ọ̀tún, apá a ro wá bí ẹni tí ó ti ń lọ ata láti àárọ̀. A ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì, a sì rí i pé epo inú ike kékeré tí ó wà fún ìdarí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán.

Ìyá wa àgbà ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, nítorí dókítà ojú ń retí rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìkánjú mú wa. Ọmọ iṣẹ́ kan ní ibi ìtún-ọkọ̀-ṣe lẹ́bàá ọ̀nà gbé ìgò kan tí kò ní orúkọ lára wá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, epo kò ju epo lọ.” Ó dà á sínú ike náà, igbe sì dákẹ́. A dúpẹ́, a sanwó, a lọ.

Kò pé oṣù kan tí epo bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí àgbà mẹkaníkì kan tú ẹ̀rọ náà, ó kó àwọn rọ́bà inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi hàn wá: wọ́n ti wú, wọ́n sì rọ̀ bí àkàrà tí ó bọ́ sómi. Epo ìjánu ni ọmọ náà ti dà sínú ẹ̀rọ ìdarí. Pọ́ǹpù, páìpù rọ́bà àti àpótí ìdarí, gbogbo rẹ̀ ni a pààrọ̀. Owó tí a tọ́jú fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni ó bá a lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ èyí, kí ohun tí a fi owó ńlá kọ́ lè di ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ tí epo náà ń ṣe

Láyé àtijọ́, agbára apá awakọ̀ nìkan ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Francis W. Davis, ni ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìdarí tí epo ń ràn lọ́wọ́ láti àárín ọdún 1920 sí 1930. Ṣùgbọ́n ọdún 1951 ni ilé-iṣẹ́ Chrysler kọ́kọ́ tà á fún gbogbo ènìyàn nínú ọkọ̀ Imperial. Òun ni àwọn mẹkaníkì wa ń pè ní direction assistée.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé wa. Bẹ́líìtì tí ẹ́ńjìnnì ń fà ni ó ń yí pọ́ǹpù kan. Pọ́ǹpù náà a máa fi agbára ti epo lọ sí àpótí ìdarí, epo a sì bá wa ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ sí ibi tí a darí volant sí. Epo yìí kan náà ni ó ń mú kí irin má jẹ irin nínú pọ́ǹpù, òun ni ó ń gbé ooru jáde, òun ni kò sì jẹ́ kí àwọn rọ́bà tí ń dí ojú ìsopọ̀, èyí tí a ń pè ní joint, gbẹ kí ó sì sán. Epo tí kò bá rọ́bà náà mu yóò bà á jẹ́, bí ó tilẹ̀ mú kí igbe dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ó tọ́ kí gbogbo awakọ̀ mọ ohun kan sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ọ̀nà, ìrànlọ́wọ́ epo yóò lọ, ṣùgbọ́n irin tí ó so volant mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò já. Ọkọ̀ náà ṣì ń gbọ́ràn. Ó kàn wúwo ni. Kí a di volant mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí a má fòyà, kí a darí rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà.

Epo kò jọ epo

Ìdílé àkọ́kọ́ ni epo pupa, ATF, tí a kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ọkọ̀ tí jíà wọn ń yí fúnra rẹ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kàn jù ni Dexron ti ilé-iṣẹ́ General Motors: Dexron II jáde ní 1973, Dexron III sì tẹ̀lé e ní 1993. Òun ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan tí ó ti dàgbà ń lò, títí kan Carina wa. Dexron VI tí ó dé lẹ́yìn wọn fẹ́lẹ́ ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ; nítorí náà, kí a má fi rọ́pò wọn nínú ẹ̀rọ ìdarí ọkọ̀ àgbà bí ìwé ọkọ̀ kò bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdílé kejì ni epo àwọ̀ ewé tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì ń béèrè. Volkswagen àti Audi àtijọ́ ń fẹ́ èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ G 002 000. Ọ̀pọ̀ BMW sì ń fẹ́ CHF 11S. Ṣùgbọ́n àwọn BMW mìíràn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ ń lo epo pupa. Ẹni tí ó bá sọ pé “epo BMW ni mo fẹ́” kò tíì sọ nǹkan kan.

Honda ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì kọ ọ́ sára ìdérí ike pé òun kò fẹ́ ti ẹlòmíràn. Citroën àtijọ́ tilẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú DS, epo kan náà ni ó ń gbé ọkọ̀ sókè, tí ó ń darí rẹ̀, tí ó sì ń fa ìjánu rẹ̀. Pupa ni epo DS, LHS, tẹ́lẹ̀. Láti 1966 ni ilé-iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi LHM aláwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀. Rọ́bà ti èkíní kò gba ti èkejì rárá.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọ̀ jẹ́ àmì, kì í ṣe ẹ̀rí. Aró ni a fi pa epo láwọ̀. LHM jẹ́ àwọ̀ ewé, CHF 11S náà jẹ́ àwọ̀ ewé, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Epo pupa tí ó bá sì ti pẹ́ nínú ọkọ̀ a máa dúdú. Orúkọ ni kí a wò.

Ti epo ìjánu ni ó léwu jù. DOT 3 àti DOT 4 kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ epo rọ̀bì. Glycol ni a fi ṣe wọ́n. Nínú ẹ̀rọ ìdarí, wọn a máa wú rọ́bà. Bí a bá sì ṣe é ní òdìkejì, tí a da epo ìdarí sínú ìjánu, rọ́bà ìjánu ni yóò wú, ọkọ̀ lè kọ̀ láti dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èyí ti ré kọjá ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Bí a ṣe lè yàn án

Èkíní, kí a ka ìdérí ike náà. Nígbà púpọ̀, ibẹ̀ ni a kọ orúkọ epo sí. Ìwé ọkọ̀ ni ẹlẹ́rìí kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù kì í bá ìwé wọn dé ọ̀dọ̀ wa.

Èkejì, kí a ra epo tí a kò tíì ṣí, tí orúkọ tí a ń wá wà lára ìgò rẹ̀. Bí olùtajà bá gbé èyí tí a kọ “multi-véhicules” sí lára wá, kí a yí ẹ̀yìn ìgò náà, kí a wá orúkọ epo ọkọ̀ wa níbẹ̀. Bí kò bá sí, kí a dá a padà. Gbogbo wa mọ àwọn ìgò kpayo lẹ́bàá ọ̀nà. Àṣà kí a máa ra ohun tí kò ní orúkọ lára ni ó kó bá wa.

Ẹ̀kẹta, bí a kò bá mọ ohun tí olówó ọkọ̀ àná dà sínú rẹ̀, kí a má bù kún un. Kí mẹkaníkì fa gbogbo rẹ̀ jáde, kí ó da tuntun sí i, kí ó gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí ó sì máa yí volant láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun jẹ́jẹ́ títí tí èéfọ́ kò fi ní sí nínú ike mọ́. Epo àtijọ́ náà, kí a má dà á sẹ́bàá kànga.

Ẹ̀kẹrin, epo tí ó ń dínkù ń jò níbì kan. Àwọn oògùn tí a ń tà pé ó ń dá jíjò dúró ń mú rọ́bà wú díẹ̀ ni. Ìsinmi ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìwòsàn. Kí a sì tó dá epo lẹ́bi rárá, kí a wo bẹ́líìtì bóyá ó ti dẹ̀, kí a sì wọn afẹ́fẹ́ ẹsẹ̀ iwájú. Ẹsẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́ tó a máa mú volant wúwo.

Paríparí rẹ̀, bí volant bá ti dé ìpẹ̀kun, kí a má tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ooru ibẹ̀ ń jẹ pọ́ǹpù. Àwọn àgbà ti wí pé ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko.

A kò bá ọmọ iṣẹ́ yẹn jà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ, ìgò náà kò sì lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí a padà kọjá níbẹ̀, a mú ìdérí ike tuntun wa lọ, a fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ ní èdè méjì: “Dexron III nìkan. Jamais de liquide de frein.” Òun fúnra rẹ̀ ni a ní kí ó kà á sókè. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wọ inú ìsọ̀ lọ, ó kó gbogbo ìgò tí kò ní orúkọ jáde, ó sì béèrè irú ọ̀dà tí a lò.