Wíwọn Bí Ọmọ Tó Ní Kòkòrò HIV Ṣe Ń Lo Oògùn

Orúkọ náà "àrùn kògbóògùn" kò bá òtítọ́ mu mọ́: oògùn ń kápá kòkòrò HIV, bí a bá ń lò ó láìpa ọjọ́ kankan jẹ. Lọ́dọ̀ ọmọdé, alágbàtọ́ ni a máa ń bi léèrè, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ń lo oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù ìbáwí kì í jẹ́wọ́.

Nítorí náà, a ń ka hóró tó ṣẹ́ kù. Bí ọmọ bá gba hóró 60, tí ó ń lo 2 lójúmọ́, 4 ló yẹ kó kù lẹ́yìn ọjọ́ 28. Bí 10 bá kù, 6 ni kò lò. Síbẹ̀, ohun tó kúrò nínú ike lè má dé ikùn. Ti oògùn olómi tilẹ̀ ṣòro jù, ọmọ a máa tu ú dànù.

Ẹ̀jẹ̀ kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bí kòkòrò bá ju 1,000 lọ nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò kà á sí èyí tí oògùn ti kápá. Ọmọ lè máa pa oògùn jẹ. Oògùn náà lè má ran kòkòrò mọ́. Ọmọ sì lè ti dàgbà ju ìwọ̀n tí a kọ fún un lọ. Iye kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan kò lè sọ èwo ni. Ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ ni a tún ń padà sí, pẹ̀lú ìbéèrè tí kò ní ẹ̀sùn nínú: "Ìgbà wo ló máa ń ṣòro jù láti fún un?"